Owó ta ni káàdì yín ń ná? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ gba káàdì báńkì

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), bí ẹnìkan bá sọ pé òun ti gba Visa, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò pé báńkì ti ṣe tán láti máa yá a lówó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Visa àti Mastercard jẹ́ orúkọ ọ̀nà tí owó ń gbà kọjá. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni pé owó ta ni káàdì náà ń ná. Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa: lára ọ̀pọ̀ káàdì, wọ́n tẹ DEBIT, PREPAID tàbí CREDIT sí i ní lẹ́tà kéékèèké, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí sì ṣe pàtàkì ju àwọ̀ góòlù tó ń dán lọ.

Káàdì debit ń ná owó tó wà nínú àkáǹtì yín, lójú ẹsẹ̀. Prepaid ń ná owó tí ẹ fúnra yín ti kó sínú rẹ̀, ẹ sì lè gbà á láìní àkáǹtì. Òun ni mo fẹ́ràn jù fún rírajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí bí olè bá jí nọ́ńbà rẹ̀, ohun tó kù sínú rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Credit ní tirẹ̀, owó báńkì ló ń ná, gbèsè sì ni látọjọ́ tí ẹ bá ti ná an. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ èyí tí àwọn báńkì wa ń pè ní débit différé: ìyẹn ń kó gbogbo ìnáwó oṣù jọ, ó sì ń yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú àkáǹtì yín lópin oṣù, kò sí pé à ń san án díẹ̀díẹ̀.

Orí káàdì gbèsè ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Báńkì á dá iye tí ẹ kò gbọdọ̀ ná kọjá. Wọ́n á gba owó ọdọọdún. Wọ́n á sì sọ iye tó kéré jù tí ẹ gbọ́dọ̀ san lóṣooṣù. Iye kékeré yìí ló ń tan ènìyàn. Ká ní ẹ jẹ 200,000 fáráǹkì, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 15% lọ́dún, tí ẹ sì ń san 10,000 lóṣooṣù láìtún ná an mọ́. Nínú 10,000 àkọ́kọ́, èlé á gba 2,500, gbèsè á sì fi 7,500 péré dín kù. Ó di oṣù 24 kí ẹ tó bọ́, èlé tí ẹ ó sì ti san á ju 31,000 lọ. Bí ẹ bá ń san 20,000, oṣù 11 ni, èlé kò sì ní ju nǹkan bí 15,000. Bí ẹ bá fi káàdì gbèsè yọ owó jáde, ọjọ́ náà gan-an ni èlé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ béèrè TEG, ìyẹn èlé àti owó iṣẹ́ lápapọ̀. Ní UEMOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè 8 tó jọ ń ná fáráǹkì tiwa, ti báńkì kò gbọdọ̀ ju 15% lọ́dún, ti àwọn ilé ayánilówó kéékèèké kò sì gbọdọ̀ ju 24%.

Ní ti ìwọ̀n ìgbẹ́kẹ̀lé, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bóyá ènìyàn á san gbèsè rẹ̀, èyí tó lọ láti 300 dé 850 tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti FICO, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, bí ènìyàn ṣe ń san gbèsè rẹ̀ ló sì kó 35% nínú rẹ̀. Ní tiwa, Bureau d'Information sur le Crédit ló ń kó ìtàn gbèsè jọ. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i pé kí báńkì fi ìtàn yín ránṣẹ́ síbẹ̀, gbèsè tí ẹ jẹ ní Àjàṣẹ́, báńkì ní Kétu lè rí i. Ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe.

Èmi kò ní gba oníṣòwò aṣọ ní ọjà Ouando nímọ̀ràn káàdì gbèsè, nítorí ọjà lè má tà lóṣù kan, èlé kò sì ní dúró dè é. Ẹni tó ń gba owó oṣù, tó sì lè san gbogbo rẹ̀ lópin oṣù, ló yẹ. Ẹni tó ń lọ sí Èkó léraléra kò gbọdọ̀ gba èyí tó ní àmì GIM-UEMOA (ọ̀nà ìsanwó ti UEMOA) nìkan, torí orílẹ̀-èdè 8 yẹn ni wọ́n ṣe é fún, Nàìjíríà kò sì sí níbẹ̀. Fún ẹni tó ń rajà ní Yúróòpù, yúrò 1 jẹ́ 655.957 fáráǹkì, kì í yí padà. Àmọ́ kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ wá iye tí báńkì ń gbà lórí ìsanwó ilẹ̀ òkèèrè nínú ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀.