Báàgì Igbó tí Mo Rà ní Kathmandu: Aṣọ Rẹ̀ Dára, Síìpù Rẹ̀ Ò Dára

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa báàgì tí mo gbé kọ́yìn nínú fọ́tò Nepal, òun rèé. Thamel ní Kathmandu ni mo ti rà á, ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n pè é ní 3,500 rupee, mo ná an títí wọ́n fi gba 2,400.

Igbó ni wọ́n fi hun ún. Bẹ́ẹ̀ ni, igbó tí wọ́n ń fà yẹn náà. Lápá ìwọ̀-oòrùn Nepal, ní àwọn òkè Rukum àti Rolpa, ńṣe ló ń lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀. Èèpo igi rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe òwú: wọn á rẹ igi náà sómi, wọn á bó èèpo, wọn á lù ú kó rọ̀, wọn á wá ran án. Wọ́n ń yan kóró rẹ̀ náà, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n ń fi jẹun. Mo tọ́ ọ wò. Ó jọ ẹ̀gúsí yíyan. Láti 1976 ni òfin ti ka gbígbìn àti títa igbó léèwọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn ará òkè ò fi okùn àti kóró rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ ahunṣọ Ìsẹ́yìn ni mí, òwú ni mo kọ́kọ́ ń wò. Òwú èyí kò dọ́gba: ibì kan ki, ibì kan tín-ín-rín, ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ sì hàn. Ọwọ́ ló ran án lóòótọ́. Àwọn báàgì tó ń dán gbọ̀ọ̀rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, mi ò yà sí wọn. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé òwú allo, ẹ̀yà èsìsì orí òkè wọn, wà nínú okùn èjìká rẹ̀. Okùn yẹn le! Kọ̀ǹpútà, ìwé, ìgò omi, kò mira.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ajá NDLEA á fà mí ya ní Múrítàlá. Ajá kankan ò wò mí.

Síìpù ló bà á jẹ́. Mi ò tíì pẹ́ ní Ìbàdàn tí eyín rẹ̀ ti ń ṣí, mo san ₦3,000 fún télọ̀. Aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀ náà ti ya nígun. Bí òjò bá sì pa á, kì í tètè gbẹ, ó sì ń rùn bí ewé tútù.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ mú èyí tí wọ́n ń fi okùn fà lẹ́nu. Ó wọ́n díẹ̀ ju tèmi lọ, ẹ san án.