Wíìlì eku tí mo rà, lẹ́yìn oṣù méjìdínlógún

Leeds ni a ń gbé. Ọmọbìnrin mi ń sin eku méjì, abo ni wọ́n, Dúdú àti Funfun ló sọ wọ́n. £26 ni mo ra wíìlì tí wọ́n ń sáré nínú rẹ̀ yìí.

Èyí tá a kọ́kọ́ rà kéré, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sínú rẹ̀ bí àkàbà. Ìrù Funfun há sáàárín irin lóru ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ bò ó, ọmọ mi sì sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo kó o dà nù. Tuntun yìí fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, ike ni inú rẹ̀, kò sí àlàfo kankan níbẹ̀. Bí eku bá ń sáré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ká sókè, wíìlì náà ti kéré jù fún un. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Mítà kan wà lára rẹ̀ tó ń ka iye ìgbà tó yí. Lóru ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì yí i nígbà 4,100. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 4, kò sì sẹ́ni tó lé wọn.

Wọ́n kọ "ẹ̀mí gígùn" gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Ọmọ mi bi mí bóyá òótọ́ ni, mo bá lọ kà nípa rẹ̀. Ní 1985, John Holloszy àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington University, St. Louis, l'Amẹ́ríkà, sọ ohun tí wọ́n rí lára eku tó ní wíìlì àtèyí tí kò ní. Tí a bá kó ọjọ́ ayé wọn jọ tí a pín in, àwọn tó ń sáré pẹ́ láyé ju àwọn tó jókòó tí wọ́n ń jẹun bó ṣe wù wọ́n lọ. Àmọ́ àgbà tó gbó jù nínú àwọn tó ń sáré kò gbó ju àgbà àwọn tó jókòó yẹn lọ. Àwọn tí wọ́n dín oúnjẹ kù fún, tí wọn kò sáré, làwọn tó rékọjá ibẹ̀. Lójú tèmi, ikú àìtọ́jọ́ ni eré sísá ń dínà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi láìfi bò.

Àléébù rẹ̀: lẹ́yìn oṣù márùn-ún ó bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro lóru, ẹ̀kán òróró kan ni mo fi sí i. Wọ́n máa ń tọ̀ sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sáré, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Funfun kú lóṣù tó kọjá. Dúdú ti lé lọ́dún méjì, ó sì ṣì ń gùn ún. Lálẹ́ àná, 310 ni mítà kà.