Ìkìlọ̀: ẹ má sanwó àlòkù ọ̀kadà tó ń mu epo nínú ike dírípù

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àlòkù ọ̀kadà, tí ẹ rí i pé táǹkì ò sí lórí rẹ̀, tí wọ́n so ike dírípù mọ́ ọn bí aláìsàn, ẹ pẹ̀yìn dà kíá. Ẹ má tilẹ̀ béèrè iye. ₦430,000 ni mo fi ra ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ yìí.

Ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, táǹkì wà lọ́dọ̀ pẹ́ńtà, ọ̀la ló máa jáde. Ṣebí ẹ̀ńjìnnì lẹ wá rà, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún.” Wọ́n á tú ìfúnpá rọ́bà dírípù, ike kékeré tó ń fún rọ́bà náà pa, díẹ̀, wọ́n á ta á ní kíkì kan, á jí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi dún láìyọ èéfín, èmi náà sì ń mi orí bí alángbá.

Lílo ike fún ẹ̀ńjìnnì kọ́ ló burú o. Mekáníìkì tó bá mọṣẹ́ máa ń ṣe é. Bí wọ́n bá ti sọ táǹkì kalẹ̀ láti tún kábúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀) ṣe tàbí láti wo fáàfù, ike kékeré ni wọ́n fi ń fún un lépo kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó débẹ̀. Ohun tó ń ta mí lára nìyẹn: mo mọ̀ ọ́n, mo sì kó sínú rẹ̀ tojú-tìyẹ́.

Ẹ wo bí gbájúẹ̀ yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ihò rọ́bà dírípù tín-ín-rín. Bí ẹ̀ńjìnnì bá kàn ń dún jẹ́ẹ́, epo tó ń mu ò tó nǹkan, mílílítà 100 á tó o fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́ẹ̀tì ni ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, jẹ́ẹ̀tì kékeré ló sì ń fún un lépo nígbà náà. Jẹ́ẹ̀tì ńlá ò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà, àfi tí ẹ bá fún un níná dáadáa. Mo fún un níná. Ó wúkọ́, ó fẹ́ kú. Kí ni olùtajà yìí wí? “Rọ́bà ló kéré, epo ò sáré wọlé.” Òótọ́ sì ni! Rọ́bà náà kéré lóòótọ́! Irọ́ tó da aṣọ òótọ́ bora nìyẹn, nítorí jẹ́ẹ̀tì ńlá ti fi ìpẹtà dí pátápátá, èmi ni mo sì tún ń bá a dáhùn pé, “Bẹ́ẹ̀ ni, rọ́bà ni.” Ẹ gbà mí o. Ẹnu ara mi ni mo fi gbà á sílẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ti nídù, irin ṣóńṣó tó ń dí ẹnu ọ̀nà epo tí ife abẹ́ kábúrétọ̀ bá ti kún. Ẹnu nídù ọ̀kadà yìí ti jẹ. Bí epo bá ń ti orí táǹkì wá, ó yẹ kó tú jáde, kí gbogbo ayé rí i. Ṣùgbọ́n ìfúnpá dírípù ló ń bá nídù ṣiṣẹ́: ó ń jẹ́ kí epo kán tóó-tóó-tóó, ìwọ̀nba tí ẹ̀ńjìnnì ń mu. Olùtajà náà tún so ike wálẹ̀, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ sókè kábúrétọ̀. Bí epo bá ṣe ga tó ló ṣe ń tì tó. Ó so ó wálẹ̀ kó má baà tì! Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún mi pé kò mọ̀.

Mo sanwó, táǹkì dé, ó ń dán gbinrin. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń ṣí epo táǹkì wà ní ṣíṣí mọ́jú. Nígbà tí mo yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, ọ́ìlì ti ga kọjá àmì, ó ṣàn bí omi, epo bẹntiróòlù ló ń rùn. Epo ti gba inú sílíńdà sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó bá ti ṣàn báyẹn kì í dáàbò bo irin mọ́, wọ́n á máa họ ara wọn ni. Ibẹ̀ ni ìró kọ-kọ-kọ inú ẹ̀ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀.

Pẹ́ńtà náà ti kun ihò èémí tó wà lára ìdérí táǹkì pa. Ọ̀kadà á rìn díẹ̀, á kú. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ ó gbọ́ fúù, á tún jí. Kí n tó mọ̀, mo ti ra plọ́ọ̀gì, mo ti ra kọ́ìlì. Lábẹ́ táǹkì ńkọ́? Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, epo sì ti ń bó o.

Ẹ má sọ pé ojúkòkòrò ló pa mí. Kò ta á ní ọ̀pọ̀, iye ọjà ló pè é. Mo tiẹ̀ mú mekáníìkì lọ, òun àti olùtajà sì bọ ara wọn lọ́wọ́ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá pè mí ní “ẹ̀gbọ́n mi” nídìí ọ̀kadà, olè ni lójú mi.

Bí ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ bá ṣì wù yín rà, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé táǹkì lé e, ẹ da epo tiyín lítà méjì sí i. Ẹ ṣí kọ́ọ̀kì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìta á, ẹ máa wo rọ́bà ìtúdànù, èyí tí epo tó bá pọ̀ jù nínú kábúrétọ̀ ń gbà jáde. Ẹ tú ṣúrúù ìsàlẹ̀ ife kábúrétọ̀ sínú ìgò funfun: omi á sùn sísàlẹ̀, ìpẹtà á hàn. Ẹ gbóòórùn ọ́ìlì. Ẹ gùn ún lọ sórí òkè.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ike fún àtúnṣe fúnra yín, rọ́bà epo oníhò mílímítà 5 tàbí 6 ni kẹ́ ẹ lò, kó ní kọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ dè é lẹ́nu méjèèjì, kẹ́ ẹ lu ihò sí ìdérí, kẹ́ ẹ so ó sí ibi tí táǹkì ń ga dé, kó jìnnà sí sáílẹ́ńsà. Yanrìn ni kó wà nítòsí, kì í ṣe omi. Rọ́bà dírípù máa ń gan nínú epo, á sì sán.

Ọ̀kan ṣì kù. Ìgbà tí táǹkì bá kúrò nìkan lèèyàn lè rí irin abẹ́ rẹ̀, èyí tó gbé gbogbo ọ̀kadà ró, dáadáa. Irin ti ọ̀kadà yìí ti kán rí, wọ́n jó o mọ́ra, àpá rẹ̀ nípọn bí ìka. Gbangba ló wà níwájú mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn. Etí ni mò ń lò.