Ríìmù dídà, ríìmù rírọ, ríìmù irin: èwo ló lè kojú kòtò?

Ríìmù alọ́ì (alumíníọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ nǹkan mìíràn) tókunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Ládípọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀bù táyà káàkiri Èkó dára ju bí àwọn ènìyàn ṣe ń bú u lọ. Iná gáàsì àti òòlù àwọn tó ń tún un ṣe ló ń bà á lórúkọ jẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àtúnṣe la máa pẹ́ lé jù níbí.

Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ni ríìmù dídà. Wọ́n ń yọ́ alumíníọ̀mù, wọ́n ń dà á bí asúdẹ ṣe ń da idẹ. A356 ni orúkọ èyí tí wọ́n sábà ń lò: sílíkọ́ọ̀nù inú rẹ̀ tó 7%, magnésíọ̀mù kò ju bíi 0.3% lọ. Sílíkọ́ọ̀nù ló ń jẹ́ kó ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀, àmọ́ òun náà ló ń wà káàkiri inú rẹ̀ bí èérún gíláàsì. Tí ríìmù bá lu etí kòtò, alumíníọ̀mù fẹ́ nà, èérún wọ̀nyẹn kì í nà. Wọ́n á fọ́, àwọn ihò tín-ín-tín tí afẹ́fẹ́ fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á á sì la ẹnu. Ibẹ̀ ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn kí ríìmù tó tẹ̀ tó ohun tójú lè rí.

Ríìmù rírọ yàtọ̀. Ẹ̀rọ ńlá ló ń tẹ irú alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 6061 mọ́lẹ̀, ihò inú rẹ̀ á sì pa dé. Ó lè nà tó bíi 10% kó tó já, nítorí náà ó máa ń tẹ̀ kó tó sán. Ó wọ́n, ó sì tọ́ sí owó rẹ̀ bó bá jẹ́ ojúlówó. Ẹ má gba sítíkà tó ní rírọ ni gbọ́: ẹ yí ríìmù padà. Ẹ̀yìn ríìmù rírọ sábà máa ń ní ojú ibi tí ẹ̀rọ ti gé e. Ti dídà máa ń rí hágahàga bí ìdí ìkòkò.

Irin wúwo ju alumíníọ̀mù lọ ní bíi ìlọ́po mẹ́ta (gíráàmù 7.85 sí 2.7 fún sẹ̀ntímítà onígun mẹ́ta kọ̀ọ̀kan, ká ní bákan náà ni wọ́n ṣe tóbi), ó sì le láti tẹ̀ ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé bí ohun tó lù ú bá ṣe yára tó ni irin ṣe ń le sí i. Alumíníọ̀mù ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tí ríìmù irin bá tẹ̀, òòlù lásán lè dá a padà. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kérò lójú ọ̀nà tó bàjẹ́ kò nílò ju ìyẹn lọ. Ti magnésíọ̀mù, tó fúyẹ́ jù (1.74), ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje. Bí àwọn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ṣe tò kò fún wọn láyè tó láti yọ̀ kọjá ara wọn tí kò bá gbóná, sísán ló sì máa ń yá a lára.

Ṣé wọ́n ń dán ríìmù wò kó tó dé ọjà? Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ìdánwò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 7141, wọ́n á de ríìmù àti táyà rẹ̀ ní ìdagun dígírì 13, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹrù já lù ú láti òkè mìlímítà 230. Ẹrù náà jẹ́ 0.6 lọ́nà ìwọ̀n ohun tí ríìmù lè gbé, kí a fi kìlógíráàmù 180 kún un. Fún ríìmù tó ń gbé kìlógíráàmù 500, kìlógíráàmù 480 ló ń já lù ú. Bí kò bá sán já, tí àárín rẹ̀ kò yọ, tí afẹ́fẹ́ kò sì tán láàárín ìṣẹ́jú kan, ó yege. Ẹ kíyè sí i pé títẹ̀ kò já a kulẹ̀. Ríìmù tó tẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ààbò àkọ́kọ́ kì í ṣe ríìmù pàápàá, ẹ̀gbẹ́ táyà ni. Táyà 195/65R15, 205/55R16 àti 225/40R18 (nọ́ńbà ìkẹyìn ni ìwọ̀n ríìmù ní ínṣì) fẹ́rẹ̀ẹ́ ga bákan náà lábẹ́ ọkọ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn jẹ́ mìlímítà 127, 113 àti 90. Ẹni tó fi ríìmù 18 rọ́pò 15 nítorí fáàrí ti sọ bíi mìlímítà 37 nù nínú ohun tí ì bá gba ìlù fún un. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kòtò kan náà, tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìlù lè di ìlọ́po mẹ́rin.

Ó wá ku àtúnṣe. Agbára ríìmù dídà wá láti inú ohun tí wọ́n ń pè ní T6: wọ́n mú un gbóná dé bíi dígírì 540, wọ́n rì í sómi, wọ́n sì tún yan án fún wákàtí mélòó kan ní bíi dígírì 155. Iná gáàsì ń ba gbogbo iṣẹ́ yẹn jẹ́. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n bí irin kó tó yọ́, nítorí náà ẹni tó mú iná dání kò mọ̀ bóyá ó wà ní 150 tàbí 450. Tó bá ti kọjá 200, ibẹ̀ á rọ̀. Ríìmù á yí dáadáa lórí ẹ̀rọ bàlẹ́ńsì, oníbàárà á sanwó, kòtò tó kàn á tún tẹ ibẹ̀ kan náà. Bí wọ́n bá fi wẹ́dà lé ibi tó sán, ó burú jù: ihò tuntun nínú ibi tí wọ́n jó pọ̀, rírọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ gba títẹ̀ kékeré tí wọ́n fi jáàkì dá padà ní tútù. Èyí tó sán, pàápàá lára apá rẹ̀ (àwọn ọ̀pá tó so àárín mọ́ etí) tàbí nítòsí ihò nọ́ọ̀tù, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù alumíníọ̀mù láti yọ́.

Lọ́jà, ẹ ní kí wọ́n yọ táyà. Etí inú, tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí apá ríìmù kò tì í lẹ́yìn. Ọ̀dà fàdákà tuntun níbẹ̀ nìkan, tàbí ọ̀dà tó hó bí awọ tí iná jó, túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi iná sí i. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń wá sísán pa á, ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú 10, ẹ nù ún, ẹ wá fọ́n oògùn funfun tó máa ń bá a rìn sí i: sísán á yọ bí ìlà pupa. Tí kò bá sí i, ẹ fi táyà sí i, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́, kí ẹ da omi ọṣẹ sí etí rẹ̀, kí ẹ wò bóyá ó ń hó. Níkẹyìn, ẹ wá àmì JWL (ìlànà ààbò àwọn ará Japan fún ríìmù alọ́ì) àti ìwọ̀n kìlógíráàmù tí ríìmù lè gbé, tí wọ́n dà sí ẹ̀yìn apá. Bí kò bá tó ti ọkọ̀ yín, ẹ má rà á, bó ti wù kó dán tó.