Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọ̀kadà: ẹ má ra sítíkà, ọrùn máṣíìnì ni kí ẹ kà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọ̀kadà fún ìgbà àkọ́kọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ dìsípáàṣì l'Ékòó, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó gbé owó yín jáde. Ṣọ́ọ̀bù kan wà n'Ìbàdàn níbí tó ń ta àlòkù ní iye owó tuntun. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Àmọ́ ọgbọ́n tí wọ́n ń ta kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó sí wọn lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 23 ni. Ẹ̀yìn ọlọ́kadà ló ti mọ ọ̀kadà, kò gùn ún rí. Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó ní àwọn máa gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n kí ó mú máṣíìnì tirẹ̀ wá, kó sì jẹ́ 200. Ibi tí 200 yẹn ti wá ò fara sin. Òfin ìrìnnà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2012 kò fẹ́ kí ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 200cc (cc ni wọ́n fi ń wọn àyè inú ẹ́ńjìnnì) rìn lórí àwọn títì ńláńlá. Nígbà tí wọ́n tún wá lé ọ̀kadà elérò kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní June 1, 2022, tí wọ́n sì fi mẹ́rin kún un ní September ọdún yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń fi ọ̀kadà jẹun yíjú sí ẹrù gbígbé. Bí "200" ṣe di ọjà nìyẹn. Ibi tí ọjà bá sì ti yá, ẹni tó máa fi sítíkà ṣe é kì í jìnnà.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gun ọ̀kadà jẹun kí n tó fi í sílẹ̀. Ọmọ náà mọ̀. Síbẹ̀ kò pè mí, ó ní òun fẹ́ bá mi lójijì pẹ̀lú ayọ̀. Ó bá mi lójijì lóòótọ́.

Ohun tí ọlọ́jà sọ fún un ni pé, "Boxer 200 nìyí, módẹ̀lì tuntun, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wọlé. Wọn ò tíì máa rí i ní Ìbàdàn." Ó gba ₦1,850,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi akoto kan ta á lọ́rẹ. Akoto náà fúyẹ́ débi pé bí mo ṣe fi ìka tẹ̀ ẹ́ ló ń wọnú. (Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí January 2009, nígbà tí Róòdù Séfútì ní gbogbo ọlọ́kadà gbọ́dọ̀ dé akoto, tí àwọn kan sì lọ ń dé igbá sórí. Igbá yẹn le ju eléyìí lọ.)

Ọ̀rá ni wọ́n fi wé máṣíìnì náà látòkè délẹ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mítà rẹ̀ ń ka kìlómítà 3. Ara táǹkì ń dán, wọ́n kọ "200" gàdàgbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Mo ní kó jẹ́ kí n bọ́ ọ̀rá yẹn kúrò. Rọ́bà tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Irin jíà ti dán níbi tí imú bàtà máa ń gbé e sókè. Eyín irin tó ń fa ṣéènì lẹ́yìn ti mú ṣóńṣó bí eyín ajá. Kìlómítà mẹ́ta kọ́ ló ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àwọn bóòtù tó de ẹ́ńjìnnì: sípánà ti jẹ orí wọn, wọ́n wá kun ọ̀dà dúdú lé ojú ọgbẹ́ náà. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún ọmọ náà nígbà yẹn. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń ya fọ́tò.

Mo yí ọwọ́ máṣíìnì náà sápá kan, mo fi ìnùjú nu ọrùn rẹ̀, ìyẹn irin iwájú tí ọwọ́ ti ń yí. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ṣaasí, ìyẹn egungun máṣíìnì, máa ń wà, wọ́n lù ú mọ́ irin ni, kì í ṣe sítíkà. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí òun gan-an ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Nọ́ńbà yẹn máa ń jẹ́ 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ṣe é: MD2 ni Bajaj ti Íńdíà tó ń ṣe Boxer, MD6 ni TVS. Ẹ máa kà á lọ títí dé ìkẹwàá. Ìkẹwàá yẹn ló ń sọ ọdún. H ni 2017, J ni 2018, K ni 2019, L ni 2020, M ni 2021, N ni 2022, P ni 2023, R ni 2024, S ni 2025. Ẹ ò ní bá I, O tàbí Q níbẹ̀ rárá, kí wọ́n má baà ṣì í kà sí nọ́ńbà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ lù ú nìyẹn. Ti ọmọ wa, MD2 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìkẹwàá rẹ̀ ni H.

Máṣíìnì 2017 ni wọ́n tà fún un gẹ́gẹ́ bí èyí tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ó ku ọ̀rọ̀ 200. Gbogbo Boxer tí mo mọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń gùn ún, 100 ni, 125 ni, 150 ni. Nínú ọjà Bajaj, Pulsar wà lára àwọn tí wọ́n fi 200 sí, ara Pulsar kò sì jọ ti Boxer rárá, ọmọdé pàápàá á mọ̀ ọ́n yàtọ̀. A gbé e lọ bá mẹkáníìkì mi. Ó ní kí n má wulẹ̀ dààmú, òun ti mọ̀ ọ́n láti ojú ọ̀nà. Mo ní kó ṣí i síbẹ̀síbẹ̀, torí ọmọ náà ṣì ń sọ pé bóyá módẹ̀lì tuntun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó yọ orí ẹ́ńjìnnì, ó wọn fífẹ̀ ihò písítìnì: mílímítà 56. Písítìnì 56 tó ń rin mílímítà 58.8, ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù yín á fún yín ní 144.8cc. Èyí ni Boxer tí gbogbo wa ń pè ní 150. Bó bá jẹ́ 100 ni, mílímítà 53 lẹ máa bá níbẹ̀. Kò sí sítíkà tó lè fẹ ihò yẹn sí i.

A padà lọ síbẹ̀ ní Monday. Ọlọ́jà náà kí mi dáadáa, ó tilẹ̀ ní kí wọ́n lọ ra mínírà wá. Mo bi í léèrè 200. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ni 200, kì í ṣe agbára. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òkè-Àdó, ṣé orí òkè lẹ wà ni?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mi ò purọ́. Mo bi í léèrè 2017. Ó ní ọdún tí wọ́n ṣe é ló yàtọ̀ sí ọdún tó wọ Nàìjíríà. Mo ní kó mú ìwé tó fi wọlé wá. Ó ní ọ̀gá òun rìnrìn àjò.

A wá wo rìsíìtì. "Ọ̀kadà 1", iye owó, ó parí. Kò sí módẹ̀lì, kò sí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, kò sí nọ́ńbà ṣaasí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ pé ọjà tí a bá ti tà kò ní àdápadà. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ibi tí rìsíìtì yẹn ti dà wá láàmú nìyẹn, torí ọlọ́jà ní kò dá òun lójú pé máṣíìnì tí a gbé wá ni èyí tí òun tà. Fọ́tò tí ìyá ọmọ náà yà lọ́jọ́ yẹn ló gbà wá díẹ̀, torí ọ̀rá àti orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn hàn nínú rẹ̀. Wọ́n ti dá ₦500,000 padà. Ìyókù, "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" la ṣì ń gbọ́.

Torí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ módẹ̀lì, nọ́ńbà ṣaasí àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sórí rìsíìtì, kí ẹ sì fi ojú ara yín kà á láti ara irin sí ara ìwé. Ọlọ́jà tó bá ń bínú sí èyí, ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọjà rẹ̀. Ẹ má sì gbà kó sọ fún yín pé bí ẹ bá bọ́ ọ̀rá, ẹ ti rà á.

Ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ "módẹ̀lì tuntun" yìí ẹ̀yin ló máa ń pa jù. Módẹ̀lì á máa yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, Jincheng AX100 ló gba ìgboro, tó ń jó ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù, tó ń tú èéfín funfun sí ojú gbogbo ayé. Boxer dé, ó lé e wọ abúlé. TVS HLX náà ti wá gba tirẹ̀ báyìí. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò kò yí padà: kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀ bó bá jókòó sórí rẹ̀, kó lè gbé e dìde fúnra rẹ̀ bó bá wó lulẹ̀, kí sípéà páátì rẹ̀ wà ní gbogbo oríta. 100 tàbí 125 ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún. Bó bá jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn irin tí ọwọ́ òsì ń fún, lójijì, máṣíìnì sábà máa ń kú lábẹ́ rẹ̀ ni, kì í fò lọ.

Ẹ wá fi wé Pulsar NS200. Agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Boxer 150, jíà mẹ́fà ló ní. Máṣíìnì dáadáa ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orí rẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yà ní oríta. Bí ilé iṣẹ́ bá ní dandan ni kí ẹni tí kò gùn rí mú 200 wá lóṣù yìí, kí wọ́n fún un ní tiwọn, tàbí kó wá iṣẹ́ míì. Kó kọ́ ọ lórí kékeré, kó gba láísẹ́ǹsì oníkíláàsì A lọ́wọ́ Róòdù Séfútì, kó tó máa ronú 200.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ràn pawabáìkì, ọ̀kadà ńlá tó ń sáré gan-an, ẹ má rò pé kò kàn yín. Ẹnì kan lágbègbè wa fẹ́ ra Yamaha R6 tòkunbọ̀, wọ́n ní 2022 ni, láti Amẹ́ríkà. Yamaha ti dẹ́kun títa R6 tó ń rin títì ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ti 2020. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kawasaki: Ninja 300 dé ní 2013, 400 ní 2018, 500 ní 2024. Ara wọn jọra lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, sítíkà kò sì wọ́n lọ́jà. Ọrùn ni kí ẹ kà níbẹ̀ náà, ìkẹwàá.

Ọmọ wa ń kọ́ lórí Boxer BM100 mi àtijọ́ báyìí, ní pápá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa, kí àwọn ọmọ iléèwé tó dé láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a jọ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá. Wọ́n ti yọ pátákó tó wà níbẹ̀, wọ́n ti gbé òmíràn kọ́, orúkọ rẹ̀ tuntun, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa. Ọlọ́jà kan náà ló jókòó níwájú rẹ̀, Boxer pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀rá.