Apia sí Pago Pago: ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé èèyàn padà sí àná

Nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 péré ni, ó sì tó ohun téèyàn ń náwó sí. Déètì orí tíkẹ́ẹ̀tì ni kó o fojú ṣọ́. Tó o bá gbéra ní Apia, Samoa, ní aago 10 àárọ̀ Sátidé, aago 10:40 àárọ̀ Furaidé lo máa balẹ̀ ní Pago Pago, American Samoa. O ò ní yí aago ọwọ́ rẹ rárá. Ọjọ́ nìkan ló padà sẹ́yìn.

Ìlà tó pín ọjọ́ (International Date Line) ló wà láàárín wọn. Ì bá gba orí ìlà òòró ayé (longitude) tó wà ní ìwọ̀n 180 lọ tààrà, àmọ́ kò sófin àgbáyé tó dè é mọ́bẹ̀: ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ń yan ọjọ́ tirẹ̀. Samoa fo 30 December 2011 pátápátá, kí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lè bá ti Australia àti New Zealand mu. American Samoa ò kúrò níbi tó wà.

Òtẹ́ẹ̀lì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: èèyàn á gba yàrá láti Sátidé, á sì gúnlẹ̀ ní Furaidé láìní ibùsùn. Ọjọ́ ìlú tó ò ń lọ ni kó o fi gbà á. Tó o bá ń padà bọ̀, Furaidé lo máa gbéra, Sátidé lo máa dé.