Kílárínẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ tó ti sán rí: oní-píìnì tàbí oní-carbon fibre?

Ẹni tó bá ń wá kílárínẹ́ẹ̀tì (irú fèrè kan) onígi tí owó rẹ̀ kò gunpá yóò pàdé èyí tó ti sán tí wọ́n sì ti fi píìnì irin tàbí carbon fibre (fọ́nrán kábọ̀nù) tún ṣe. Ìyẹn nìkan kò tó kẹ́ ẹ sá fún un. Igi grenadilla tí wọ́n fi ń ṣe é, láti Tanzania tàbí Mozambique, le gan-an, àmọ́ èémí gbígbóná tó lómi máa ń mú inú rẹ̀ wú nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì tutù, tó sì gbẹ. Apá òkè ló sábà ń sán, torí ibẹ̀ ni èémí kọ́kọ́ ń dé. Àsìkò ọyẹ́ àti yàrá ẹ̀rọ amúlétutù ló burú jù fún un.

Owó: píìnì dínwó. Ìrísí: carbon fibre máa ń hàn bí ìlà dúdú tó yí ọ̀pá ká. Ohùn: ẹ má da ara yín láàmú. Bóyá yóò tún lanu ni kẹ́ ẹ wò.

Píìnì jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní eyín ṣúkúrù. Oníṣẹ́ á lu ihò gba ibi tó sán kọjá, á mú irin náà gbóná, á yí i wọlé, á wá fi lẹ́búlẹ́bú igi àti super glue dí ojú rẹ̀. Ibi tó bá wà nìkan ló dì mú; láàárín píìnì méjì, igi ṣì lè là. Irin kì í wú bá igi, nítorí náà eyín rẹ̀ lè dẹ̀ tó bá yá. Bí ihò bá sì yẹ̀ díẹ̀, ó lè já sínú ihò ohùn (ihò tí wọ́n ń dí tàbí ṣí láti yí ohùn padà), kí afẹ́fẹ́ máa jò níbi méjì.

Ti carbon fibre gba sùúrù. Wọ́n á tú gbogbo kíì (àwọn irin tí wọ́n ń tẹ̀ láti dí tàbí ṣí ihò), wọ́n á fi lathe (ẹ̀rọ tó ń yí igi kí wọ́n lè gbẹ́ ẹ) gbẹ́ ojú ọ̀pá yípo, bíi mílímítà 1 ní jíjìn, wọ́n á wé fọ́nrán tí wọ́n rì sínú epoxy mọ́ ọn kó fún dáadáa. Tó bá gan, wọ́n á há a kó dọ́gba pẹ̀lú igi. Ó ń fún ọ̀pá mọ́ra yípo bí irin ìdè àgbá. Ó kàn ń fẹ́ àyè tí kò ní ihò tàbí òpó kíì. Bí ibi tó sán bá gba inú ihò ohùn kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ tún ihò náà ṣe lọ́tọ̀.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rinrin mú igi padà títí ibi tó sán fi pa ẹnu dé, kí wọ́n tó tún un ṣe. Èyí tí wọ́n da gúlù sí nígbà tó ṣì lanu nínú ọyẹ́, tí òjò bá dé tí igi wú, ibòmíràn ló máa là. Ẹ ní kó tú kíì, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i: àmì kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán, píìnì nìyẹn. Ẹ dí gbogbo ihò apá òkè àti ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ó yẹ kó fa ètè mọ́ra fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Oní-píìnì náà ṣeé rà, bí ibi tó sán bá kúrú, tí kò kan ihò kankan, tí wọ́n sì dín owó rẹ̀ kù dáadáa. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ sísán rárá lè wo Greenline ti Buffet Crampon, lẹ́búlẹ́bú grenadilla àti carbon fibre tí wọ́n fi resin pò pọ̀. Àmọ́ bó bá bọ́ lulẹ̀, ẹnu ìsopọ̀ rẹ̀ lè kán.